Fàrídà Ra Àlọ-Àtàbọ̀

Lọ́dún 1988, kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa réluwè tó mi ní gbogbo Ìfọ̀. Àwọn tó ń wà á gan-an máa ń wo ojú mi kí wọ́n tó fọn fèrè. Èmi ni Ṣàràfá, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Sìsí kan wà níwájú mi, arẹwà tó lè dá ọkọ̀ dúró sórí irin. Ó ní kí wọ́n fún òun ní àlọ nìkan, dé Ìdó.

"Háà! Sìsí, ẹ má ra ìyẹn o. Àlọ-àtàbọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Tẹ́ ẹ bá lọ ra àbọ̀ lọ́tọ̀ ní Ìdó, owó yín á pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kíláàsì kẹta ni kẹ́ ẹ sì wọ̀. Gbogbo wa la jọ máa dé Èkó."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ta ló bi yín?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹ̀bùn ni."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ẹ̀ tún yí padà. "Bàbá mi ló ní kí n ra àlọ nìkan. Wọ́n ti fi mí fún ọkùnrin kan ní Muṣin. Mi ò ní padà mọ́."

"Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀?"

"Mi ò tiẹ̀ rí i rí!"

"Nígbà náà, ra àbọ̀ mọ́ ọn. Tí kò bá wù ẹ́, wọkọ̀ padà."

Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kígbe: "Ṣé ẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó níbí?"

Sìsí náà tú owó ara ẹ̀ tó so sétí ìró, ó fi kún ti bàbá ẹ̀, ó ra àlọ-àtàbọ̀.

Agége ni mò ń lọ, àmọ́ mo bá a dé Ìdó. Mo ní èmi ni mo jó gbogbo géètì tó wà láti Ìfọ̀ dé Ajuwọ̀n. Mẹ́ta péré ni mo jó níbẹ̀. Ìfẹ́ ti wọ̀ mí lára, ẹnu mi ò ní búrékì mọ́.

Ọjọ́ kẹta, Fàrídà, sìsí mi, sọ̀ kalẹ̀ ní Ìfọ̀. "Ọkùnrin yẹn ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí," ó ní. "Ìwọ oníyangàn yìí ló wù mí."

A jọ lọ bá bàbá ẹ̀, Alájì Adépọ̀jù. Mo dọ̀bálẹ̀ débi pé imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ́ kànga.

"Wẹ́dà? Tó háyà yàrá kan? Láéláé!"

Fàrídà kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Mi ò lọ."

Alájì fọwọ́ ara wọn ra àlọ nìkan, wọ́n tì í sínú ọkọ̀. Ó dirun fáwọn èèyàn ní Muṣin, ó fi owó ẹ̀ ra àbọ̀. Wọ́n tún rán an lọ. Ó tún padà wá. Àbúrò Alájì tó ń gbà á sílé ní Muṣin kọ lẹ́tà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an wá mọ́."

Alájì ránṣẹ́ pè mí. "Wá fẹ́ ẹ. Ó ti rẹ̀ mí."

Lọ́jọ́ yìgì, Alùfáà kọjú sí i. "Fàrídà, ọmọ Adépọ̀jù, ṣé o gbà láti fẹ́..."

"Mo gbà!"

"Mi ò tíì dárúkọ ọkọ."

Ó gbójú sókè, ó wo bàbá ẹ̀ tààrà. "Ẹ máa dárúkọ ẹ̀ lọ, Alùfáà. Èmi ti gbà."