Ilé Philomena àti Òfin Tí Wọn Kò Tíì Ṣe

Ọ̀sán ọjọ́rú ni. Concepta Mulvihill ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ìrọ̀rí nílé ìdáná rẹ̀ ní Clonarra, ìlú kékeré kan ní Ireland, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tíì. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ láti Dublin. Àtúnṣe ètò ìlera ni wọ́n ń bára wọn jà lé lórí, pàápàá owó tí àwọn arúgbó yóò máa san nílé ìtọ́jú.

Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń yẹ àwọn aláìsàn wò láti ilé dé ilé ní Clonarra, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Concepta jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Philomena, ti pé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Kò sí èyí tó lọ́kọ nínú wọn. Philomena ló ni ilé, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti jọ ń gbé ibẹ̀, kí eegun ìbàdí Philomena tó ṣẹ́ nígbà òtútù, tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú Lisnagrath.

Concepta kò fi bẹ́ẹ̀ fetí sí rédíò náà, àfìgbà tí aṣojú agbègbè wa dìde sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé, ó dà bí ẹni tó ń pe màlúù láti òdìkejì odò.

"Òrùlé tó wà lórí àwọn arúgbó wa ni wọ́n fẹ́ gbà," ó ní. "Tí wọ́n bá gba owó ìfẹ̀yìntì wọn tán, ilé wọn ló kàn."

Ariwo sọ. Olórí ilé lu aago títí. Kí mínísítà tó dáhùn, àkókò ìròyìn tó, wọ́n gé e.

Concepta pa áyọ́ọ̀nù, ó wọ kóòtù, ó jáde.

Ọ̀dọ̀ Fergus alápatà ló kọ́kọ́ yà sí. Fergus kì í ta ẹran láìfi ìmọ̀ràn kún un.

"Ẹ kọ ilé náà sórúkọ ọmọ tí ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin bí, tó wà ní Boston," ó wí. "Bí kò bá sílé lórúkọ yín, kí ni wọ́n máa gbà? Ẹ tètè ṣe é o, kí òfin tó jáde."

Níbẹ̀ ni Concepta ti pe lọ́yà. Lọ́yà ní kí wọ́n wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí Philomena wá fọwọ́ sí i.

Nígbà tó dé Lisnagrath, Philomena wà nídìí ayò káàdì pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn.

"Àǹtí, ẹ dìde. À ń lọ sílé."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ìjọba fẹ́ gba ilé yín."

"Ṣé wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà ni? Jẹ́ kí n ta ọwọ́ yìí tán ná."

Malachy Tansey, tó fi ogójì ọdún pín lẹ́tà ní Clonarra, gbé ojú sókè. "Cepta, ẹ tètè gbé e lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti jẹ gbogbo wa gbẹ láti àárọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Philomena rí i pé àbúrò òun kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dojú káàdì rẹ̀ délẹ̀. "Ẹ bá mi mú báàgì mi wá," ó wí, ó sì tẹ̀ lé e lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ó lé díẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn wọn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo gba ẹ̀yìn wọlé, mo sì gbọ́ orin nínú ilé ìwẹ̀. Àwọn méjèèjì ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn, aṣọ ìnura wà lórí Philomena bíi gèlè. Concepta ló fẹ́ gbé e dìde lórí àga ìwẹ̀, ni àwọn méjèèjì bá rọra yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Láti aago mẹ́jọ ni wọ́n ti wà níbẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀ o," Philomena wí. "Ẹ jókòó. Àyè ṣì wà."

Mo yẹ̀ wọ́n wò. Kò síbi tó ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní ìbàdí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò yẹn gbá etí ọpọ́n ìwẹ̀ ni, kì bá ti sí ẹ̀rín nínú ìtàn yìí.

Nígbà tí a jókòó sídìí tíì àti búrẹ́dì, Concepta tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: rédíò, Fergus, lọ́yà.

"Kí ni mínísítà fi dá aṣojú wa lóhùn?" mo bi í.

"Mi ò gbọ́. Wọ́n gé e."

"Ìdajì ìjà lẹ gbọ́ nìyẹn, mà."

Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀, lókè ilé ìkàwé. Wọ́n fún mi ní ìwé àbá òfin náà pẹ̀lú àlàyé rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbé e padà wá, mo sì kà á fún wọn.

"Àbá lèyí, kò tíì di òfin. Wọ́n ṣì lè yí i padà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó wà nílé ìtọ́jú á máa san apá tó pọ̀ nínú owó tó ń wọlé fún un, ìjọba á sì san èyí tó bá kù. Wọ́n á ka apá kékeré nínú iye owó tí ilé tó mọ́ ọn, ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́ta péré, kódà bó lo ogún ọdún níbẹ̀. Bó bá sì fẹ́, wọn ò ní béèrè apá ti ilé yẹn lójú ayé rẹ̀, àfi lẹ́yìn ikú rẹ̀."

"Ogún ọdún?" Philomena ní. "Malachy ò ní lè fara dà á."

"Boston wá ńkọ́?" Concepta béèrè.

"Ohun tí èèyàn bá fi tọrẹ láàárín ọdún márùn-ún kó tó béèrè fún ìrànlọ́wọ́, wọ́n ṣì máa kà á mọ́ ọn. Ilé á ti kúrò lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì tún máa kà á bíi tiyín. Bí ọmọ yẹn bá jẹ gbèsè ńkọ́, tàbí tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá tú ká?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tú ká," Concepta wí.

"Pẹ̀lú ìyàwó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀," Philomena fi kún un.

Concepta wo inú ife rẹ̀. "Tí ẹ̀gbọ́n mi bá wá kú, tí wọ́n sì wá gba owó wọn, níbo lèmi máa forí pamọ́ sí?"

Mi ò mọ̀ ọ́n, mo sì sọ fún un pé mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni ẹni tó yẹ kí a bi.

Ìgbà náà ni Philomena gbé ife sílẹ̀. "Cepta, láti àná, ṣé ẹnikẹ́ni ti béèrè ohun tí èmi fẹ́?"

Concepta gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo rò pé ẹ fẹ́ wálé ni," Concepta wí.

"Mo fẹ́ràn ilé yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n tí o bá jáde, ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ní Lisnagrath, mo ní ẹni tí mò ń jẹ láyò. Wọ́n ń gbé mi dìde láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣubú. Jẹ́ kí n padà, kí o máa wá wò mí. Wá jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Àìkú, ọbẹ̀ wọn dára ju tìrẹ lọ."

Concepta sunkún díẹ̀, ó sì fi ẹ̀rín parí rẹ̀. Ó bú ọbẹ̀ Lisnagrath dáadáa, lẹ́yìn náà ló pe lọ́yà pé àwọn kò wá mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, aṣojú wa ń gba àlejò nínú yàrá kan lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ti Philomena wọlé lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìwé àbá náà wà lórí itan rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni," ó wí, "ẹ ní wọ́n máa gba òrùlé mi. Ojú ewé wo ló wà? Àwa méjèèjì ti wá a tì."

Ojú ti ọkùnrin náà. "Mà, nínú ilé yẹn, èèyàn máa ń gbóhùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ."

"Àbúrò mi náà gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ la bá ara wa."

Ó bẹ̀ wọ́n, kò sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìbéèrè Concepta kalẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun yóò bi mínísítà nígbà tí wọ́n bá tún jókòó, kí àwọn náà wá gbọ́ ọ pẹ̀lú etí wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni arúgbó mọ́kànlá láti Lisnagrath, pẹ̀lú èmi àti Concepta, ṣe wọkọ̀ lọ sí Dublin. Malachy de táì tó fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì. Òkè ni a jókòó sí, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń wòran.

Aṣojú wa dìde, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Obìnrin kan ní Clonarra ń béèrè: bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ni ilé bá kú, ṣé wọ́n máa lé òun, tóun ti ń gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́?"

Mínísítà ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní àbúrò tó ti ń bá onílé gbé, tí kò sì lówó púpọ̀ lọ́wọ́, lè béèrè kí wọ́n dá gbígba owó náà dúró, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gbé ibẹ̀.

Philomena pàtẹ́wọ́. Wọn kì í pàtẹ́wọ́ lókè yẹn. Òṣìṣẹ́ kan sáré wá, ó fi ìka sí ètè.

"Ẹ má bínú," Philomena wí, "ọwọ́ ti yá mi jù." Ni àwọn mẹ́wàá tó kù náà bá pàtẹ́wọ́, Concepta ló pariwo jù.

Nígbà tí òfin jáde, mo jókòó ti àwọn méjèèjì títí wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ wọn tán, ó sì já sí rere.

Ẹ̀yin tí ẹ ní arúgbó nílé, ẹ má fi ohun tí ẹ gbọ́ lórí rédíò gbé ìgbésẹ̀ kankan kí ẹ tó mọ̀ bóyá òfin ni tàbí àríyànjiyàn lásán. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìlanilọ́yẹ̀ tó wà nítòsí yín, wọn kì í gbowó. Ẹ má kọ ilé sórúkọ ẹlòmíràn nítorí ìbẹ̀rù. Ẹ gba ìmọ̀ràn lọ́yà ná, kì í ṣe ti alápatà. Aṣojú tí ẹ dìbò fún wà fún ìbéèrè yín, ẹ lọ bá a. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò nílé rárá, ẹ jókòó ti arúgbó yín, kí ẹ bi í pé: kí ni ẹ fẹ́? Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.