Ẹni Mẹ́rin Lórí Àga Kan

Ẹsẹ̀ méjì ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ jáde lábẹ́ àga tìmùtìmù gígùn tó wà nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan wọ bàtà, ìkejì kò wọ̀.

"Ẹ káàsán o," ló wí.

"Hmm," ni àga dá a lóhùn.

Nígbà tí obìnrin tó ni ẹsẹ̀ náà yọrí jáde, ìṣó mẹ́ta wà láàárín ètè rẹ̀. Àga ló ń tún ṣe. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é. Ó tu ìṣó sọ́wọ́. "Ẹ má bínú. Ẹnu tí ìṣó wà kì í kí èèyàn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Géèmù orí tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣe, èyí tí tọmọdé tàgbà ilé lè jókòó pa pọ̀ gbá. Nínú rẹ̀, ẹni mẹ́rin ń ru ilé kan kọjá òkè àti odò. Ó fún Abẹ́rẹ́ ní pádì kan, èyí tí wọ́n fi ń gbá a, kó dán an wò. Kò pẹ́ tí ilé fi já bọ́ lórí wọn.

"Ẹ ò dúró dè mí," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Ẹ̀yin lẹ ò yára."

"Ta lẹ wá ń ṣe é fún? Ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi ti rọ láti èṣí. Ṣé wọn kì í ṣe ara ilé mọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó bẹ̀ ẹ́ kó tún wá. Àga ti parí, Abẹ́rẹ́ ò yéé wá. "Ẹ" di "o", "o" di "olólùfẹ́ mi". Abẹ́rẹ́ sọ fún un bí bàbá òun ṣe jẹ́ ọ̀gá àwọn bíríkìlà, tó jẹ́ pé ohùn àṣẹ bàbá ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gbé igi àjà sókè, àti bí ojú ṣe ń tì wọ́n báyìí tí ẹlòmíràn bá ń wọṣọ fún wọn.

Nígbà tó yá, Abẹ́rẹ́ mú bàbá náà wá wo géèmù. Inú ọkùnrin náà dùn: ó ti fi bàbá arúgbó kan sí i, ọwọ́ rẹ̀ rọ, àwọn yòókù sì ń gbé e pọ̀n.

"Èmi nìyẹn?" ni bàbá béèrè. "Ẹni tó ń fi eré ṣiṣẹ́ ti wá fi mí ṣeré." Ó dìde.

Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún. N kò sọ ọ́ fún tẹlifíṣọ̀n." Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ìyẹn dun ọkùnrin náà ju kó gbá a mọ́ ọn lójú lọ.

Oṣù méjì kọjá. Àwọn tó ń bá a dán géèmù wò bẹ̀ ẹ́ pé kó má yọ bàbá arúgbó, òun ló ń pa àwọn lẹ́rìn-ín jù. Ó yọ ọ́. Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, ó lọ sí ilé wọn. "Bàbá, mo sọ yín di ẹrù. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀. "Kí lo wá gbé dání?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ inú géèmù ni, sà. Wọn ò ní ọ̀gá."

Nínú géèmù tuntun náà, ẹni kẹrin kì í ru nǹkan kan mọ́. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní, ọwọ́ òsì tó láti tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ni àwọn yòókù lè gbé ẹsẹ̀. Bàbá, ìyàwó rẹ̀, Abẹ́rẹ́ àti ọkùnrin náà há ara wọn mọ́ àga kan.

"Ó yá! Ẹsẹ̀ kan! Dúró! Ìyá Abẹ́rẹ́, ibo lò ń gbé ilé lọ?"

"Ilé ọkọ mi ni!"

Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni wọ́n tó lè sọdá odò. Bàbá pariwo débi pé ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé.

Ọkùnrin náà tẹ̀ lé Abẹ́rẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé. "Mo ti bẹ bàbá. N kò tíì bẹ ìwọ."

"Mo rí ohun tó o yọ," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ó tó."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo máa ń tètè bínú o."

"Mo ti rí bó o ṣe ń rọra pa ilẹ̀kùn dé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Abẹ́rẹ́. Bàbá ké látinú ilé: "Ẹ̀yin méjì, òkè inú géèmù ń dúró dè yín o!"

"Mo ti gbà, Bàbá!"

"O gba kí ni?"

"Pé màá fẹ́ ẹ!"

Bàbá gbé pádì sílẹ̀: "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Abẹ́rẹ́ fa ọkùnrin náà lọ́wọ́, wọ́n sì wọlé.