Oògùn Abẹ́ Agbádá

Bí ọkọ̀ Pijó ṣe já wọn sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni Ernest ti ń kìlọ̀ fún Edith, ìyàwó rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru nílé bàbá òun. Oyè ìdílé ti ṣí sílẹ̀, òun ni ojú ń wò, ta ni yóò sì fa aláìsàn kalẹ̀ fún oyè?

Edith ní, “Dádì Bísí, oògùn yín ńkọ́?”

“Ó wà lábẹ́ agbádá nínú àpótí. Kó wà níbẹ̀. Tí a bá padà sí Kàdúná, màá máa lò ó lọ.”

Ẹ sì wo ọkùnrin yìí o. Láti ọjọ́ tí dókítà ti là á yé e ní Kàdúná ló ti jára mọ́ ìtọ́jú ara rẹ̀. Ó dín iyọ̀ kù, ó ń fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀, kì í sì í fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Ọkàn Edith ti ń balẹ̀ pé ọkọ òun yóò pẹ́ láyé.

Gbogbo ilé tí wọ́n yà sí ni wọ́n ti gbé ìkọ́kọrẹ́ kalẹ̀, ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀, iyọ̀ sì pé síbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti ìdálẹ̀ dé tí kò jẹ ẹ́, wọn yóò ní ó ti ń ṣakọ, tàbí kí wọ́n ní ó ń fura sí àwọn. Ernest ń jẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò rìn láàárọ̀ mọ́, kí wọ́n má baà bi í pé kí ló ń wá kiri. Nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, Edith bẹ̀ ẹ́ títí kó lo oògùn rẹ̀. Ernest ní oòrùn ló pa òun. Ẹ̀rù àwọn àna ni kò jẹ́ kí obìnrin náà ké síta, ó sì dùn ún títí dòní.

Lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí, Ernest dìde láti kí àwọn àgbà. Ẹnu rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọlọ, ló bá ṣubú. Ẹnìkan ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Edith pariwo pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kí wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Nọ́ọ̀sì Matilda bi Edith léèrè ìgbà tí ọkọ rẹ̀ lo oògùn kẹ́yìn. Edith ní láti ìgbà tí àwọn ti délé ni kò ti lò ó mọ́.

“Àìsàn yìí kì í gba ìsinmi, mọ́mì,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Bí ẹ bá rìnrìn àjò, òun náà bá yín wọkọ̀ ni. Ẹni tó bá já oògùn rẹ̀ jù sílẹ̀ lójijì ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.”

Àṣírù, ẹ̀gbọ́n Ernest, tí Ernest ń bẹ̀rù jù nínú ẹbí, jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó mú oògùn jáde. Irú èyí tó wà nínú àpótí ni.

“Èmi náà ń lò ó, ìyàwó. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.” Ó bú sẹ́kún.

Ernest kò kú, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ló joyè náà.

Ẹ̀yin ará, ìpinnu tí ẹ ṣe nípa ìlera yín, ẹ má fi í sílé bí ẹ bá ń rìnrìn àjò. Ẹ fi oògùn yín sínú àpò tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tọ́ oúnjẹ wò díẹ̀, kí ẹ dúpẹ́. Ẹ máa rìn níbi tí ẹ bá dé. Kí ẹ sì sọ ọ́ fún ará ilé yín, torí ẹni tí ẹ ń fi í pamọ́ fún lè ní tirẹ̀ lápò.