Ọ̀pá Tó Ń Kanlẹ̀kùn ní Òkè-Ìlá

Ẹni tó bá ń wá àlọ́, kó yà síbòmíràn. Èyí ṣẹlẹ̀, àwọn tó gbọ́ ọ kò tí ì kú tán.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, ọdún 1977, ni wọ́n sin ọkọ Monínúọlá, tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́rin, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀pá kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mẹta, bí bàbá ti í fi ọ̀pá rẹ̀ kàn án tó bá ti oko dé. Màmá ṣílẹ̀kùn. Kò rí ẹnìkan.

"Bàbá yín wá ulé," ló wí fáwọn ọmọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn.

Ìkànkùn náà ò dáwọ́ dúró. Nígbà tí oṣù Kìíní dé, Adébíyìí, àkọ́bí rẹ̀, ní ọ̀fọ̀ ti da màmá lórí rú, òun yóò mú un lọ sí Ìbàdàn, òun yóò sì ti ilé náà pa.

Kíkẹ́lọmọ àbúrò rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, ò jiyàn. Kàlẹ́ńdà ló gbà wò. Màmá ti fi èédú sàmì sí gbogbo ọjọ́ ìkànkùn. Kíkẹ́lọmọ kà wọ́n láti ọjọ́ ìsìnkú: mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́sàn-án, mẹ́tàlá, ogún, ọgbọ̀n, márùndínláàádọ́ta, méjìdínláàádọ́rin.

Ó tò wọ́n sórí ìwé gíráàfù. Wọ́n há nísàlẹ̀, wọ́n wá tẹ̀ kọ̀rọ̀, wọ́n fò sókè. Ó ṣí ìwé lọ́gì, èyí tí í sọ ìlọ́po di ìṣísẹ̀ ọgbọọgba, ó tún wọn tò. Wọ́n nà tantan bí okùn tí a fà le: iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fi bí ìdajì ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ó fi rúlà fa ìlà náà síwájú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró di ọjọ́ kejìlélọ́gọ́rùn-ún. Sátidé ni. Bí a ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ máa mú Màmá lọ."

Lọ́jọ́ náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Ọyẹ́ ń fẹ́. Àwọn ewúrẹ́ dákẹ́. Agogo mẹ́rin lù.

Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

Adébíyìí fò dìde, ó já ilẹ̀kùn ṣí. Kò sẹ́ni kankan. Ipa ìgbálẹ̀ àárọ̀ ṣì wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan ò tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ kú àbọ̀," ni Màmá wí, ó sì gbé omi kalẹ̀.

Adébíyìí nìkan ló padà sí Ìbàdàn.

"Ìgbà wo ló tún ń bọ̀?" Màmá béèrè.

"Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin, Màmá. Á sì máa jìnnà sí i."

"Kó máa jìnnà. Kó ṣáà máa bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí ìwé náà. "Èyí tó lọ sísàlẹ̀ yìí ńkọ́?"

Kíkẹ́lọmọ ti fa ìlà náà sẹ́yìn pẹ̀lú. Kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ: ọjọ́ kan, ìdajì ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú, kò lópin. Nígbà tí yẹ̀pẹ̀ ń bọ́ sórí pósí, tí ìjọ ń kọrin kíkan, ọ̀pá náà ti ń kàn, léraléra, láìsinmi.

"Kò wí nǹkan kan, Màmá."

Ó ká ìwé náà. Màmá ti wọlé lọ, ó ń kọrin jẹ́jẹ́ bí ó ti ń bó iṣu.