Ẹni Tó Gé Ìrù Ààjà

Omi ń kán tó-tó-tó lára ọkùnrin tó wọkọ̀ wa ní erékùṣù Panarea láàárọ̀ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀, òkun sì tẹ́ bí ẹní. Ó jókòó síwájú, omi ń ṣàn láti apá ẹ̀wù rẹ̀ sórí pákó ọkọ̀. Mo mú aṣọ ìnura lọ bá a, ó ní òun ò nílò rẹ̀. Ohùn àwọn àgbààgbà Lipari, erékùṣù wa, ló fi dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ mi ò rí i rí, èmi tí mo mọ gbogbo ilé tó wà ní Lipari.

Onofrio àbúrò mi ló ni ọkọ̀. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú, èmi náà ni mo ń gé búrẹ́dì àti tòmátò fún àwọn àlejò tí a ń kó lọ wo òkè oníná ní Stromboli láàárọ̀, tí a ń kó padà nírọ̀lẹ́. Ó gbọ́n, ó sì láyà. Fáàrí nìkan ni ìyọnu rẹ̀.

Ọkùnrin náà pè é. "Ọ̀gá, ta ló ń gé ìrù ààjà nínú ọkọ̀ yìí?"

Onofrio rẹ́rìn-ín. "Èmi ni, bàbá. Kí ààjà omi kankan yọjú lónìí, màá fi ọ̀bẹ kí i káàbọ̀. Ẹ máa jẹ búrẹ́dì yín."

"Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ́ ẹ ní ọfọ̀ rẹ̀?"

Ó yẹ kó dákẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé alẹ́ Kérésìmesì nìkan ni àgbà lè fi ọfọ̀ náà, èyí tí a ń pè bí a bá ń fi ọ̀bẹ gé ààjà omi lẹ́ẹ̀mẹta kó lè túká, lé ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n inú oṣù kẹjọ ni ikú ká àbúrò bàbá wa mọ́ ilé ìwòsàn, kò sì lè dúró de Kérésìmesì. Ó sọ ọ́ sí Onofrio létí, èmi tí mo gbé bàsíà dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà gbọ́ ọ.

"Alẹ́ Kérésìmesì ni," ni Onofrio wí.

Ọkùnrin náà mi orí, ó sì yíjú sí òkun.

Bí a ṣe sún mọ́ Stromboli, òkè náà, tí àwa kì í pè ní nǹkan kan ju "Òun" lọ, bú gbàmù. Èéfín bo oòrùn, eérú ń bọ́ sórí búrẹ́dì mi. Láti abẹ́ èéfín yẹn ni ààjà ti sọ̀kalẹ̀ sójú omi, ó nípọn bí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bọ̀ wá bá wa tààrà. Ọkọ̀ apẹja kan wà níwájú wa. Ààjà náà gbé e sókè, ó fọ́ ọ túútúú, àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ sì ń já bọ́ láti òkè. Apá ẹnì kan, tòun ti aago ọwọ́ rẹ̀, já lulẹ̀ sáàárín àwọn àlejò wa.

Onofrio yọ ọ̀bẹ eléèkù dúdú, ó pe ọfọ̀, ó gé afẹ́fẹ́. Ìrù ààjà náà tín-ínrín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Onofrio là títí dé eyín, bẹ́ẹ̀ ọ̀bẹ ò kàn án. Ó gé e lẹ́ẹ̀kejì, àyà rẹ̀ là láti èjìká dé ìdodo, ẹ̀jẹ̀ sì tú sára gíláàsì iwájú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló kù. Ẹni tó bá gé e lẹ́ẹ̀mejì tó sì dúró, ọkọ̀ tirẹ̀ ni ààjà ń gbé.

"Àǹtí," ó ní, ẹ̀jẹ̀ ń hó lẹ́nu rẹ̀, "èyí tó kù yìí máa pa mí."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ ọkùnrin náà lẹ́yìn mi.

"Ìwọ náà gbọ́ ọfọ̀ yẹn, àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́, bàbá."

"Gba ọ̀bẹ nígbà náà."

Mo rò pé ẹni tó bá di ọ̀bẹ mú ni yóò fi ẹ̀mí san án, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti lo ayé tó. Mo fẹ́ já ọ̀bẹ gbà, Onofrio di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má ṣe é, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi."

"Panu mọ́. Ta ló tọ́ ẹ dàgbà?"

Mo gbá a létí bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ṣubú sídìí àga. Mo na ọrùn mi sókè. Mo pe ọfọ̀, mo gé e.

Ààjà náà já sí méjì, òkun sì gba omi rẹ̀ padà pẹ̀lú ariwo. Mo fọwọ́ kan ọrùn mi, kò sí nǹkan kan. Àwọn àlejò ń sunkún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, obìnrin kan dì mọ́ mi gbádígbádí. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn. Mo yíjú láti sọ fún àbúrò mi pé ó ti parí.

Orí Onofrio wà lórí itan ọkùnrin náà. Ọrùn rẹ̀ ti là dé eegun. Ọkùnrin náà rọra ń pa ojú rẹ̀ dé, bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn.

"Èmi ni mo gé e," mo ní. "Èmi ni kí ẹ mú."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ lo parọ́ fún mi."