Abẹ́rẹ́ Inú Báàgì Nọ́ọ̀sì

"Àǹtí, kí ló dé tí ìṣó fi ní orí, tí kò ní ojú?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò gbé ojú kúrò nínú ìwé. Ìdánwò àṣejáde ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìṣirò kò yé e, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin yìí kò sì mọ̀ ju ìbéèrè lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Kílódé. Bí òjò rọ̀, á béèrè. Bí òjò dá, á béèrè. Bàbá wọn, káfíńtà, a máa sọ pé lọ́jọ́ kan ọmọ yìí á bi Ọlọ́run pé kí ló dé tó fi gbé ọ̀run sókè bẹ́ẹ̀, á sì dúró gba èsì.

"Kílódé, o ò ní í panu mọ́ ni?"

"Kí ló dé tí màá fi panu mọ́?"

Ọmọbìnrin náà nàka sí òdìkejì ọ̀nà, níbi tí nọ́ọ̀sì aládùúgbò wọn ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, báàgì dúdú léjìká. "Ṣó o rí báàgì yẹn? Abẹ́rẹ́ tó gùn tó apá Bàbá ló wà nínú ẹ̀. Ọmọ tí ò bá dákẹ́ ló máa ń fi í gún. Tọ́mọ ọ̀hún bá sunkún, á tún un gún."

Ẹnu Kílódé pa dé. Ó kó sábẹ́ tábìlì, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ìṣirò yé Àǹtí, inú rẹ̀ dùn.

Ohun tó bá rọni lọ́rùn kì í pẹ́ di bárakú. Láti ọjọ́ náà, bí Kílódé kò bá fẹ́ jẹun, nọ́ọ̀sì ń bọ̀. Bí kò bá fẹ́ wẹ̀, nọ́ọ̀sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó kàn rí i pé ọmọ tó máa ń sáré wá kí òun tẹ́lẹ̀ ti ń sá wọlé. Ìyá wọn tó ń ránṣọ tilẹ̀ ń yin ọmọbìnrin rẹ̀. "Ọmọ mi, o mà mọ ọmọ tọ́ o! Kílódé ti wá dọmọ gidi."

Iṣẹ́ kan tún wà lọ́rùn ọmọbìnrin yìí. Bí bàbá rẹ̀ bá ti ṣíwọ́, òun ló ń gbá ṣọ́ọ̀bù, tó ń ṣa ìṣó kúrò nínú èérún pákó. Nírọ̀lẹ́ Wẹ́sídeè kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó wá káwọn jọ kàwé. Ó fi ìgbálẹ̀ ti èérún pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní òun á kó o tí òun bá dé. Kò tíì dé ojú títì tó fi gbọ́ igbe lẹ́yìn rẹ̀. Kílódé ló ń sáré tẹ̀ lé e láìwọ bàtà, ìṣó tó ti dógùn-ún sì ti wọ̀ ọ́ látẹ́lẹsẹ̀.

Ọmọbìnrin náà sáré padà. Ó fa ìṣó yọ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tẹ̀ lé e. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá rẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà níwájú oníbàárà kan pé ọmọ òun kì í jẹ́ kí ìṣó kan sùn sílẹ̀. Ojú wo ló máa fi wò ó? Ó fomi ṣan ẹsẹ̀ náà, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó sọ sí i létí.

"Tó o bá sọ fún Màmá tàbí Bàbá, nọ́ọ̀sì á gbọ́ o."

Kílódé mi orí pé òun ti gbọ́. Kò béèrè ìdí.

Ó yẹ kí ìyẹn gan-an ba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́rù, àmọ́ kò fiyè sí i. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà ń fi gìgísẹ̀ rìn.

"Ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?" ni ìyá wọn bi í.

"Rárá, Màmá."

Àǹtí wà níbẹ̀, ó gbọ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé e mì. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé á san lọ́la. Ọ̀la dé, kò san.

Láàárọ̀ Sátidé, Kílódé kò lè dìde. Ara rẹ̀ gbóná janjan. Ìyá bọ́ ìbọ̀sẹ̀, òórùn gba yàrá, ẹsẹ̀ ti wú dé ọrùn ẹsẹ̀. Bàbá gbé e léjìká, gbogbo wọn di ilé ìwòsàn. Ta ló máa pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà bí kò ṣe nọ́ọ̀sì aládùúgbò wọn. Bí Kílódé ṣe rí i, ó figbe bọnu.

"Bàbá, ẹ má gbé mi fún wọn! Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan! Mo ti dákẹ́! Mo ti dákẹ́!"

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó pa ẹnu dé, ó sì ń jà mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Kí ló gún un?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Bóyá ìgò ni," ni ìyá sọ. "A ò mọ̀. Ó lóun ò fara pa."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí dáadáa. Tó bá jẹ́ ìṣó tó dógùn-ún ni, abẹ́rẹ́ mìíràn wà tó gbọ́dọ̀ gbà. Àrùn kan máa ń gba irú ojú egbò bẹ́ẹ̀ wọlé, tó ń mú ẹnu ọmọ gan pa."

Kò sẹ́ni tó fura sí Àǹtí. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ẹnu àbúrò rẹ̀ tó pa dé gbọn-in, kò sì mọ̀ bóyá àrùn ló pa á dé tàbí irọ́ òun. Ẹ̀rù bà á ju bí ẹ̀rù ṣe bà á rí lọ.

"Ìṣó ni," ló wí, ó bú sẹ́kún. "Ìṣó tó dógùn-ún, láti Wẹ́sídeè. Èmi ni mi ò kó èérún pákó. Èmi ni mo ní kó má sọ. Mo sọ fún un pé ẹ máa ń gún ọmọdé lábẹ́rẹ́ gígùn."

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀ tìbínú-tìbínú.

"Ìjà ò tíì kàn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mi ò lè gún ọmọ tó ń jà báyìí. Ìwọ lo fi ìbẹ̀rù sí i lára, ìwọ náà ni kó o bá a yọ ọ́."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Kílódé, irọ́ ni mo pa. Abẹ́rẹ́ wọn ò gùn. Á dùn ọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ á san."

Ọmọ náà wò ó lójú. "Àǹtí, ṣé irọ́ tún nìyẹn?"

Àǹtí tún bú sẹ́kún. Ìyá ló dìde, tó di ọmọ náà mú. "Màmá, ṣé òótọ́ ni?" Ìyá ní òótọ́ ni. Ìgbà náà ni Kílódé tó na apá.

Orí bá wọn ṣe é. Wọ́n la ẹsẹ̀ náà, wọ́n fa ọyún jáde, ọmọ yè. Ó pẹ́ kó tó yéé tiro. Àǹtí ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege, ṣùgbọ́n kò sí èsì ìdánwò tó lè tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Títí di òní, bó bá ní, "Kílódé, oúnjẹ ti jinná," ọmọ náà á kọ́kọ́ kọjú sí ìyá rẹ̀: "Ṣé òótọ́ ni?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àǹtí ń gbá ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣa ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ń kọjá lọ. Kílódé dìde tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, kí ló dé tí báàgì yín fi dúdú?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó dá a lóhùn. Àǹtí dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń retí ìbéèrè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ọmọ tí a bá fi ẹ̀rù pa lẹ́nu mọ́ kò gbọ́n sí i, kò sì gbọ́ràn sí i. Ohun tó ń dùn ún ló kọ́ láti máa fi pamọ́ fún wa.