Pásítì Jory àti Búrọ́ọ̀ṣì Ẹyin

Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń ṣe pásítì, ìyẹ̀fun tí a fi di ẹran àti ọ̀dùnkún tí a sì yan, ní Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, mi ò tíì rí ẹni tó jẹ ẹ́ kù. Torí náà, nígbà tí ìdíje oúnjẹ ìbílẹ̀ láàárín àwọn ilé ìwé tún dé, Tamsin ọmọ ọmọ mi ní kí n wá ran àwọn lọ́wọ́.

"Màmá àgbà, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn Devon aládùúgbò wa ti gbé ife-ẹ̀yẹ yìí mọ́ wa lọ́wọ́ o."

"Àwọn wo? Àwọn tó ń kọ́kọ́ fi ọ̀rá wàrà pa àkàrà òyìnbó kí wọ́n tó fi jáàmù lé e? Jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀!"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló ń sè é: Tamsin, Kerra àti Jory. Òfin ìdíje ni pé àwọn tó sè é ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lójú àwọn adájọ́. Ṣùgbọ́n ara Jory kọ ẹyin, ẹyin la sì fi ń ra pásítì lójú kó lè dán. Ọdún méjì ni ọmọ náà fi gé àlùbọ́sà fún wọn, tó wá lọ jókòó sẹ́yìn. Lọ́dún yìí, ó ní òun náà á jẹ.

"Má mikàn, arẹwà mi," mo dá a lóhùn.

Àwa ní tiwa, a máa ń fi ìyẹ̀fun pípò kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ olúkúlùkù sí igun pásítì rẹ̀. Mo kọ J sí ti Jory. Mo fi ẹyin ra àwọn yòókù, mo wá ki búrọ́ọ̀ṣì bọ wàrà, mo fi ra tirẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ìyáàfin Pascoe, alásè ilé ìwé, ló rí mi.

"Màmá Loveday, ṣé búrọ́ọ̀ṣì kan náà lẹ fi ra gbogbo ẹ̀?"

"Ẹyin tó kù lára ẹ̀ ò tó nǹkan. Kí ni díẹ̀ yẹn fẹ́ ṣe?"

"Díẹ̀ yẹn náà ni, Mà! Ó lè mú kí ọ̀fun ọmọ yìí wú débi tí ò ní lè mí. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé iná á pa agbára ẹyin náà. Lẹ́tà yẹn ò lè dá ẹyin dúró."

Ojú tì mí. Ẹ̀rù sì bà mí.

Wákàtí kan péré ló kù kí àwọn adájọ́ dé, pásítì sì ń lò tó àádọ́ta ìṣẹ́jú nínú ààrò.

"Ẹ yọ orúkọ mi kúrò," ni Jory wí.

"Panu ẹ mọ́, jàre!" Tamsin da gbogbo pásítì náà sínú garawa ìdọ̀tí. "A ó tún un ṣe!"

A fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ọwọ́ àti tábìlì. A fi ìyẹ̀fun àti ẹran tó ṣẹ́ kù di pásítì mìíràn, mo tún kọ J sí ti Jory, a mú búrọ́ọ̀ṣì tuntun àti abọ́ ààrò mìíràn, a sì fi wàrà nìkan ra gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ mi ò yá tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà ọmọge.

Nígbà tí àwọn adájọ́ dé, ti Devon ń dán gbinrin.

"Kí ló dé tí tiyín ò dán?" ni ọ̀kan nínú wọn bi àwọn ọmọ náà.

"Kí gbogbo wa lè jẹ ẹ́ ni, sà," Jory fèsì, ó sì gé tirẹ̀ jẹ. Ó jẹ ẹ́ dé igun tí J wà, ó gbé ìyẹn náà mì. Adájọ́ tọ́ tirẹ̀ wò, ó tún bù sí i, kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi tán.

Wọ́n kéde pé Cornwall ló borí! Mo pariwo débi pé Kerra di etí. Jory fà mí láṣọ: "Màmá Loveday, ṣé ó ku òmíràn?"

Ẹ̀yin ìyá àgbà ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó sè, ẹ béèrè ohun tí ara àlejò yín kọ̀. Ẹ ya ohun èlò rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ má sọ pé díẹ̀ ò pani. Bí ètè rẹ̀ bá wú tàbí èémí rẹ̀ há, abẹ́rẹ́ pàjáwìrì tí dókítà fún un ni kí ẹ kọ́kọ́ gún un, kí ẹ sì pe áńbúláǹsì kíákíá. Ọmọ tí ẹ ṣọ́ra fún á jẹun tán, á sì tún béèrè òmíràn.